Kí Ẹ́ńjìnnì Kọ́kọ́ Tutù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Dókítà ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń jinná, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gun alùpùpù títí ọdún yóò fi yí po. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó mi orí, ó ní kí á yí àga òun kọjú sí fèrèsé. Bó ṣe wà nìyẹn láti ìgbà tó ti ṣubú: àga, fèrèsé, ẹsẹ̀ lórí àpótí. Kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí omi bá dà sórí tábìlì, kí á tó rí àkísà, ó ti fi ìka ya ẹyẹ sínú rẹ̀.

(Nínú ìwé yìí, "ó" ni mo ń pè é. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni. Kò sẹ́ni tó máa kà á, mi ò sì ráyè ìkúnlẹ̀ lórí ìwé.)

Olùtọ́jú gbọ̀ngàn ìpàtẹ àwòrán pè mí lónìí. Àwòrán méje ti wà nílẹ̀, gbogbo wọn ló jáde láti inú fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi yà nígbà tó fi ń gun alùpùpù kiri. Mẹ́ta ló kù, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ gba odindi ògiri iwájú. Tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ò bá pé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, ó ní òun á gbé ààyè náà fún agbẹ́gilére kan tó ti ń dúró. Mi ò bá a jà. Ká ní èmi ni, ohun tí mo máa ṣe náà nìyẹn.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Kí wọ́n gbé e fún un. Ohun tí mi ò fojú ara mi rí, mi ò lè yà á."

"Èmi á lọ fojú rí i fún yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kọ̀wé gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri ló ń bà mí lẹ́rù. Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fèrèsé yẹn ló máa fẹ̀yìn tì sí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Àgbà ti jáde lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àgbà lorúkọ alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti na iwájú rẹ̀ tó wọ́, wọ́n sì pààrọ̀ iná. Kí Ọlọ́run bá mi bù kún mẹkáníìkì yẹn, ọjọ́ tó dá ló mú un jáde, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Epo tún ti gbówó lórí. Mo rà á, mo dákẹ́.

Mo gùn ún yí àdúgbò ká. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu géètì, ó káwọ́ lérí.

"Kíákíá, ẹ rọra o! Ẹlẹ́sẹ̀ kan ti tó mi í tọ́jú nínú ilé yìí!"

Kíákíá lorúkọ tó fún mi láti ìgbà tó ti wọ ilé wa. Mo ti bá a jà lórí rẹ̀ rí. Mo ti gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ètò mi yọrí. Ibi méje ni mo kó sójú ọ̀nà kan ṣoṣo, kí n má baà gba ibì kan kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì délé kí òjò tó dé. Bí mo ṣe ń de akoto mọ́rí ni àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wọlé: "Ni ori oke, ya ile iya aranso. Ma gbagbe."

Mo ya afárá. Mo ya ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ yanrìn. Mo ya igi méjì tó fara ti ara wọn bí ọ̀mùtí. Lórí òkè, mo rí ilé kékeré kan tó ní páànù pupa, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò sọ̀ kalẹ̀, mi ò pa ẹ́ńjìnnì. Mo fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, mo ya ilé náà lápá ọ̀tún, mo yà á lápá òsì, mo tẹ̀ síwájú. Obìnrin àgbàlagbà kan yọjú, ó ń nawọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà.

Fọ́tò lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Kò sí èyí tó ṣú, kò sí èyí tó gbọ̀n. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe ń ti géètì. Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ déédéé tí èèyàn bá létò!

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo gbé kọ̀ǹpútà ka orí itan ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń fi ìka kan tẹ̀ wọ́n lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó ní:

"Ó mọ́."

"Ẹ ṣé."

"Ó mọ́ gan-an ni. Bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀." Ó tún tẹ̀ ẹ́ síwájú. "Òjìji dà?"

"Òjìji kí ni?"

"Òjìji nǹkan. Ọ̀sán gangan lo lọ. Igi ò ní òjìji, afárá ò ní òjìji, ìwọ pàápàá ò ní. Ṣé gbogbo ìlú ti di iwin ni?"

Ìyàwó wa bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń ká aṣọ. Mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló kan ilé páànù pupa. Ó wò ó, ó padà sẹ́yìn, ó tún wò ó.

"Inú ilé ńkọ́?"

"Inú ilé bí ti báwo? Ẹ̀yin lẹ ní kí n ya ilé."

"Mo ní kí o ya ilé ìyá aránṣọ!"

"Mo sì yà á! Ẹ wò ó níwájú yín!"

"Kí o yà síbẹ̀! Kí o dúró! Kí o jókòó! Ta ló ní kí o ya fọ́tò òrùlé obìnrin olóbìnrin?"

Mo fa fóònù yọ. Mo kà á fún un. Ya ilé. Ó gba fóònù, ó kà á fún ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìyàwó wa ti ń yí nílẹ̀ láàárín aṣọ tó ká. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ọmú kan náà lẹ mu, ẹ ò gbọ́ ara yín!" Kò tilẹ̀ sí ẹ̀bi àmì ohùn níbẹ̀. Bó bá fi àmì sí i láti òkè délẹ̀, bákan náà ni ya ilé yìí àti ya ilé tọ̀hún máa rí. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n bi í. Níbi iṣẹ́, ẹni tó bá gba àṣẹ tí kò bi mí léèrè, mo máa ń dá a padà lọ bi mí ni.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń rìn, òun kì í yọ kámẹ́rà bí òun bá ṣe ń dé ibì kan. Òun á pa ẹ́ńjìnnì, òun á jókòó. Ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ bá lè wà lára ẹ́ńjìnnì tí kò ní jó èèyàn, ìgbà yẹn ni òun á tó ya fọ́tò.

"Kí ni ẹ́ńjìnnì fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ àwòrán?"

"Kò fẹ́ ṣe nǹkan kan. Òun kọ́ ló ń tutù."

Mo bínú lọ sílé. Mo tún bínú débẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún fọ́tò!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Òjò láti àárọ̀. Olùtọ́jú gbọ̀ngàn bèèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Mo ní ó ń lọ. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ibì kan ṣoṣo ni mo lọ lónìí. Mo kúrò nílé nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, kí òjìji tí wọ́n ń wá kiri lè wà. Mo yà sílé ìyá aránṣọ. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mi ò tíì yọ akoto tí obìnrin náà fi jáde, okùn ìwọ̀n lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ìwọ ni!" Ó yọ abẹ́rẹ́. "Ìwọ lo ya ilé mi lọ́jọ́sí tí o sá lọ bí olè! Oúnjẹ ò wọ ọ̀nà ọ̀fun mi fún ọjọ́ méjì. Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wó ilé ti dé. Mo ti kó aṣọ oníbàárà sínú àpò!"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi." Mo sọ ta ni ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọkọ mi! Ọkọ mi dà? Mo ti ń wojú ọ̀nà títí. Mo ní ó ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún un. Ó jókòó wọ̀ọ̀. Ó wá ní, "Kò kú?" Mo ní kò kú. "Ó ń jẹun?" Ó ń jẹun. "Ẹ ṣeun, Olúwa. Wọlé. Jókòó síbi tó máa ń jókòó sí." Àpótí kékeré kan ni, lẹ́yìn ẹ̀rọ, lápá ibi tó ṣókùnkùn.

Mo jókòó díẹ̀, mo jáde lọ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ó jó mi. Mo wọlé. Mo tún jáde. Ó tún jó mi. Nígbà tí mo fẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá ní:

"Ṣé ibà ń ṣe ọ́ ni?"

"Rárá, mà. Mò ń dúró kó tutù."

"Tí o bá ń dúró, ṣebí kí o dúró. Èyí tí ò ń ṣe yìí, ìṣọ́ lò ń ṣọ́ ọ."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé irin tó ń tẹ̀. Ó ń sọ fún mi nípa oníbàárà kan tó sanra tí kò fẹ́ gbà pé òun sanra, tó ní ìwọ̀n ìyá ni kò dáa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbàgbé ẹ́ńjìnnì. Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà ni ẹnu ọ̀nà: yàrá ti ṣú, ẹsẹ̀ ìyá ń lọ ó ń bọ̀, aṣọ kan tí wọn ò tíì rán tán rọ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Àgbà dá dúró níta nínú ìmọ́lẹ̀, òjìji rẹ̀ ti gùn wọlé wá bá wa. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà ń lọ. Mi ò rí ọ̀nà láti orí àpótí rí. Orí ìjókòó alùpùpù ni mo ti máa ń rí i.

Mi ò lọ fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo yọ kámẹ́rà. Fọ́tò mọ́kànlá péré.

Ìyá di aṣọ kan fún mi kí n gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó máa fi bo orúnkún. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó wò wọ́n. Mo dúró de "ó mọ́." Kò wá. Ó dúró lórí ti ẹnu ọ̀nà, ó fi ìka méjì fà á tóbi, ó fà á kéré. Ó ń wò ó bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ nínú èrò.

"Orí àpótí mi lo jókòó sí."

"Ìyá ló ní kí n jókòó síbẹ̀."

"Òjìji yẹn máa ń kan ẹsẹ̀ mi." Ó gbé e fún mi. "Bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Kó tóbi. Tẹ méjì jáde. Bá mi wá rúlà."

Mo ti dé ìta kó tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú ìwé, ó ti sún kúrò níwájú fèrèsé fúnra rẹ̀, àga àti gbogbo rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí fọ́tò, ó pín in sí ojú kéékèèké bí ìwé ìṣirò, ó ní kí n bá òun fa irú rẹ̀ ní ńlá sórí kánfáàsì. Ìlà mi gún ju tirẹ̀ lọ. Ó gbà.

Mo dúpẹ́ lónìí. Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ sọ.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Wàhálà tó wà nílẹ̀: kò lè dìde dúró, kánfáàsì sì ga jù ú lọ. Ìyàwó wa ló yanjú rẹ̀. Ó wọlé, ó wò wá, ó ní, "Ẹ dorí rẹ̀ kodò." Báyìí ni ọkọ rẹ̀ ṣe ń kun òkè ilé ní ìsàlẹ̀. Gbogbo nǹkan ń já bọ́ sójú ọ̀run lójú mi, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Yàrá ń rùn fún ọ̀dà àti òróró. Mo tún gbé fọ́tò mìíràn wá, afárá ní ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó níbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi tutù. Ọwọ́ mi ò jó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Afárá parí. Igi ọ̀mùtí parí, láti inú fọ́tò méjì: ó mú igi nínú fọ́tò mi àkọ́kọ́, ó mú ìmọ́lẹ̀ nínú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nítorí náà, ọ̀ọ́dúnrún yẹn ò ṣòfò tán. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọ̀kan ò ṣòfò." Ó ku ti ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ti ògiri parí lọ́sàn-án. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìyàwó wa wò ó títí, ó nu ojú, ó ní ata ló wọ̀ ọ́ lójú. A ò tíì dá iná.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ nínú òjò. Olùtọ́jú gbọ̀ngàn kì í gba èyí tí kò tíì gbẹ, kó má baà ba ògiri jẹ́. Mo fi ìka kan etí rẹ̀, ìka mi di àwọ̀ ewéko. "Kíákíá," ìyàwó wa ní, "ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú…" Mo ní kó má parí rẹ̀. Òwe yẹn ti ń lé mi kiri láti kékeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Mo ti bà á jẹ́.

Mo fẹ́ kó tètè gbẹ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ rí dókítà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, mo gbé fáànù wá, mo kọ ojú rẹ̀ sí kánfáàsì, mo tàn án dé òpin. Mi ò ronú sí ilẹ̀ yàrá, níbi tí eruku ògiri tí wọ́n ń họ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kún sí. Nígbà tí mo padà wọlé, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ojú ọ̀nà dé ẹsẹ̀ ìyá aránṣọ. Eruku wẹ́wẹ́. Mo gbìyànjú láti fẹ́ ẹ kúrò, ó rọ̀ mọ́ ọn sí i.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti rò ó: ọkùnrin yìí ti dìde, èmi ni mo tún máa tì í ṣubú. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì láti ẹnu géètì. Mi ò lè sá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo tan fáànù sí i."

Ó wọlé. Ó súnmọ́ ọn débi tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó yí ọ̀pá kan padà, ó tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń kọjá lára eruku.

"Ọ̀nà wo lo mọ̀ tí kò ní eruku?" ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi…"

"Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti ń wò ó tí nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu lára ọ̀nà yẹn. Ó mọ́ jù. Ó mọ́ bíi fọ́tò rẹ." Ó jókòó. "Mú búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ wá. Ti ẹsẹ̀ ìyá nìkan la máa yọ. Ìyá kì í fẹ́ ìdọ̀tí."

Èmi àti òun la yọ ọ́, tí a sé èémí kí á má baà fẹ́ ẹ káàkiri. Ìyàwó wa di fáànù mú, ó gbé e lọ sínú yàrá tirẹ̀, ó tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọ gbọ̀ngàn kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Igun kan lára ti ògiri ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀. Olùtọ́jú gbọ̀ngàn rí i. Ó wò mí, ó wo ọ̀pá ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí wọ́n gbé e kọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fara kàn án. Ọlọ́run a ṣe tirẹ̀ náà ní rere. Mo ti ń bú u lọ́kàn láti oṣù tó kọjá, mo gba gbogbo rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ìpàtẹ ṣí. Èrò wá ju bí mo ṣe rò lọ. Èmi fúnra mi ni mo fi Àgbà lọ gbé ìyá aránṣọ. Ó di ìbàdí mi mú gírígírí, ó ń gbàdúrà sókè ní gbogbo kọ́nà. Nígbà tó dé iwájú ògiri, gbogbo èèyàn yà fún un. Ó wò ó, ó wò ó.

"Ọkọ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì kéré, "nínú gbogbo ilé yìí, èmi nìkan ni o ò fún ní bàtà."

Gbọ̀ngàn pa ẹ̀rín. Ó fa ẹ̀gbọ́n mi lórí mọ́ra, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó dì í mú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ padà lọ́la. Mo lọ sọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ láti dá kọ́kọ́rọ́ Àgbà padà, kí n sì bá ẹ̀gbọ́n mi jíròrò nípa ìpàtẹ ọdún tó ń bọ̀. Mo ti ṣètò ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo yọjú. Ó jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ lórí àpótí, búrọ́ọ̀ṣì kan lẹ́nu, òmíràn lọ́wọ́. Kánfáàsì kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Kò sí gbọ̀ngàn tó ń retí rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Fọ́tò afárá wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń bá ọ̀dà sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Mo rọra fa ilẹ̀kùn dé, mo lọ bá ìyàwó wa fọ abọ́.